Pupa Tí Wọ́n Ń Yìn

"Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ọmọ tuntun pupa, ẹ má kọ́kọ́ dúpẹ́. Ẹyinjú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò."

Nọ́ọ̀sì kan ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí, lọ́jọ́ tí a ń gbé ọmọkùnrin mi padà sílé. Kò gbóhùn sókè. Ó ń bá mi fi aṣọ bo orí ọmọ bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì ń wo iwájú orí ọmọ náà bí ẹni pé ó ku ohun kan níbẹ̀ tí òun kò fẹ́ sọ. Láti ìgbà náà, àwọn tó sún mọ́ mi nìkan ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, mo lọ bá wọn ṣe ìsọmọlórúkọ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Wọ́n ń gbé ìkókó náà láti itan obìnrin kan dé itan èkejì, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: "Ẹ wo bó ṣe pupa." Nígbà tó kàn mí láti gbé e, òórùn kan jáde lára aṣọ tí wọ́n fi wé e. Mo mọ òórùn náà. Lọ́jọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí n tó dé orí ọmọ, mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, torí pé inú òwú ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ahunṣọ ni bàbá mi ní Ìsẹ́yìn. Àwọn oníbàárà a máa wá bá a nídìí òfì, wọ́n á ní pupa ni àwọn fẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi wọ́n.

"Pupa wo?"

"Pupa ṣá, bàbá."

"Ṣé pupa bí epo, àbí pupa bí ilẹ̀, àbí pupa bí ìyeyè?"

"Èyí tí ìyàwó mi máa rí tí kò fi ní bá mi jà."

"Lọ mú ìyàwó náà wá," bàbá mi á sọ, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó kọ́ mi ní ohun kan tí mi ò gbàgbé. Wọn kì í yan àwọ̀ òwú nínú ilé. A máa ń gbé òwú jáde láàárọ̀, nígbà tí oòrùn bá ti là ṣùgbọ́n tí kò tíì le. Bó bá jẹ́ pupa ni, a kì í gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa mìíràn, torí pé èkíní á bo èkejì mọ́lẹ̀, ojú á sì gbà pé bákan náà ni wọ́n. Òwú funfun ni a máa ń nà lé e lórí. Ìgbà náà ni pupa tó sọnù tàbí tó ti pọ̀ jù á tó jẹ́wọ́ ara rẹ̀. Èmi náà ń ránṣọ ní Ṣakí báyìí, bí mo sì ṣe ń yan okùn ìránṣọ nìyẹn títí dòní.

Lọ́dọ̀ wa, pupa kì í ṣe àwọ̀ kan. Ọ̀nà Ìgànná pupa. Tí ọkọ̀ bá kọjá níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku rẹ̀ á bà lé ewé, á bà lé irun ìpéǹpéjú ẹni, á wọ inú omi mímu. Epo pupa. Gaàrí tí wọ́n fi epo díẹ̀ sí pupa, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ epo yóò rí i pé àwọn méjèèjì kò jọra. Àárín ẹyin adìyẹ, pupa ẹyin là ń pè é. Màlúù tó ń kọjá lẹ́yìn ilé wa lọ mu omi pupa, ewé tó ń já lára igi òrí nígbà ọyẹ́ pupa, iná tí àwọn ọdẹ ń ti bọ igbó pupa, ojú ọ̀run tó wà lókè iná náà sì pupa. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pe òmíràn nínú wọn ní yẹ́lò. Ìyá mi kò sọ yẹ́lò rí. Tó bá fẹ́ kí ó yé ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á ní pupa fòò tàbí pupa rúsúrúsú, ó parí.

Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama, olùkọ́ Yorùbá wa kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú pátákó: dúdú, funfun, pupa. Ó ní dú ló bí dúdú, fun ló bí funfun. Ó wá bi wá pé ta ló bí pupa. A ní pọ́n ni. Ó ní rárá, bí pọ́n bá bí ọmọ, pípọ́n ni orúkọ ọmọ náà. Ó ní òun rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan, pa, ló bí i, tí a kò lò fún àwọ̀ mọ́. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn béèrè pé ṣé pa tí wọ́n fi ń pa ẹran ni. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò mọ̀, ó sì nu pátákó.

Pọ́n náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọkàn ẹni lè balẹ̀ sí. Máńgòrò pọ́n, inú wa dùn. Ata pọ́n, a lọ ká a. Ṣùgbọ́n tí ojú ẹni bá pọ́n, ìyà ló ń jẹ ẹ́. Inú rẹ̀ ni ìpọ́njú ti jáde. Obìnrin tó pupa dáadáa tó sì lẹ́wà, wọ́n á ní apọ́nbéporẹ́ ni, bí ẹni pé òun àti epo jọ ń ṣọ̀rẹ́. Àìsàn kan sì wà tí àwọn àgbà ń pè ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀: ojú á pọ́n, ìtọ̀ á pọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń yin ọmọge, tí a fi ń pe àìsàn. Mo ti mọ gbogbo èyí kí n tó bímọ, kò sì jọ mí lójú.

Ohun kan wà tí mo tún mọ̀. Ìyá mi bí ọmọkùnrin méjì ṣáájú mi. Àwọn méjèèjì kò pẹ́ láyé. Wọn kì í sọ̀rọ̀ wọn nílé wa, bí wọ́n bá sì ṣèèṣì sọ ọ́, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sọ mọ́ ọn: "Wọ́n mà pupa o." Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ẹwà wọn ni wọ́n ń ṣàárò.

Nígbà ọyẹ́ ni mo bí ọmọkùnrin mi. Mo ti bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣáájú, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìsẹ́yìn ni mo sì ti tọ́ ọ títí ó fi lé ní ogójì ọjọ́. Nítorí náà, eléyìí ni ọmọ mi àkọ́kọ́ tí ìyá ọkọ mi fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀. Ó ti Ìgànná wá, níbi tó ti ń yan gaàrí, ó sì gbé àpótí páànù kan sáàárín òun àti ọlọ́kadà bí ẹni gbé ọmọ. Nígbà tó ṣí i, òórùn kánfọ̀ kún inú yàrá. Ẹ mọ kánfọ̀, àwọn kóro funfun róbótó tí à ń kó sáàárín aṣọ kí aáyán má baà jẹ ẹ́. Lábẹ́ wọn ni fìlà ìkókó wà, àti ìbọ̀sẹ̀, àti aṣọ òtútù, àti ṣọ́ọ̀lù ńlá kan tó pupa bí ìyeyè.

"Ọkọ rẹ ló kọ́kọ́ wọ èyí," ó ní, ó ń tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. "Gbogbo ọmọ mi ló wọ̀ ọ́ tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ọmọ mi ní Ìgànná náà sì wọ̀ ọ́. Kò sí èyí tó kú nínú wọn. Kò sí ọdún tí n kì í pààrọ̀ kánfọ̀ inú rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ wọ́n ná, Ìyá."

"Fọ kí ni? Mo fọ̀ wọ́n kí n tó kó wọn pamọ́. Ara àwọn ọmọ tó yè ló wà nínú ẹ̀. Tí o bá fọ̀ ọ́ báyìí, kí lo máa wọ̀ fún ọmọ rẹ? Àbí aṣọ wa ń rùn sí ọ ni, ìyàwó?"

"Kò rùn, Ìyá."

"Ó ń ta sánsán ni. Gbé ọmọ wá."

Bí àṣà ilé wọn ṣe rí nìyẹn. Aṣọ tí àwọn ọmọ tó yè ti wọ̀ ni wọ́n fi ń gba ọmọ tuntun, wọn kì í sì í fọ̀ ọ́ láàárín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Mo tún mọ̀ pé ìyàwó tó bá kọ̀ ọ́ ti sọ pé òun kò fẹ́ kí ọmọ òun jọ tiwọn. Mo gbé ọmọ náà fún un, ó sì wọ̀ ọ́ fún un láti orí dé ẹsẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bí i, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ lójú. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn tó ń wá kí wa ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n lè wò ó dáadáa. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń ta ata gígún, ẹnu rẹ̀ mú, ọkàn rẹ̀ sì dára. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sókè.

"Ìyá ìkókó, òyìnbó wo lẹ wò lójú nígbà oyún?"

"Ọ̀dọ̀ wa ló ti rí i," ìyá ọkọ mi dáhùn kí n tó lanu. "Ìyá tó bí mi, apọ́nbéporẹ́ ni. Tó bá ń mu omi, ẹ óò rí omi náà bó ṣe ń kọjá lọ́fun rẹ̀."

"Ẹ̀yin yìí náà? Ẹ̀yin tí ẹ dúdú bí ìdí agbada gaàrí?"

"Iná gaàrí ló yan èmi. Ibi tí aṣọ bò ṣì pupa. Ṣé kí n tú u hàn ọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi wà lára ọmọ. Ẹ̀rín náà kò jí i. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni oorun rẹ̀ ti wúwo jù. Tí mo bá fi ọmú sí i lẹ́nu, á mu díẹ̀, á sì tún sùn lọ pẹ̀lú ọmú lẹ́nu. Mo sọ ọ́, wọ́n sì tún yìn ín. Wọ́n ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni, pé kò fẹ́ da ìyá rẹ̀ láàmú. Gbogbo ohun tí mo bá tọ́ka sí ni wọ́n ń sọ di oore. Aṣọ ojú fèrèsé wa pupa, gílóòbù yàrá náà ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa, ṣọ́ọ̀lù náà pupa, eruku ọyẹ́ tó wà lára ògiri pupa. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni ọmọ mi sùn sí. Mi ò lè sọ ibi tí àwọ̀ rẹ̀ parí sí.

Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fẹjọ́ sùn.

"Wọ́n ní ó pupa, Màámi."

"Ta ló pupa?"

"Ọmọ náà ni."

Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀ àti ẹnì kan tó ń fọ abọ́.

"Wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀," ó ní.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ṣá wò ó. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, wọ́n pupa dé àtẹ́lẹsẹ̀."

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ìgbà náà ni ìgbà àkọ́kọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun kan fún mi nípa wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo mú róòlù òwú funfun kan nínú àpótí iṣẹ́ mi, mo gbé ọmọ mi jáde sẹ́yìnkùlé. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni, ọyẹ́ sì mú. Ìyá ọkọ mi ń dá iná omi ìwẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìkókó nínú ọyẹ́? Kí lò ń wá lóde, ìyàwó?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni, Ìyá."

Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, mo na òwú náà gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Mo fi ìka fà á ní ìpéǹpéjú díẹ̀, mo mú òwú náà súnmọ́ ọn. Òwú náà funfun. Ẹyinjú ọmọ mi kò funfun, ó rí bí pupa ẹyin tí wọ́n fi omi là. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Mo tú nápíìnì rẹ̀ wò. Ibi tó tọ̀ sí ti ní àbàwọ́n bí ìgbà tí wọ́n da omi tíì sí i. Kò fa ẹsẹ̀ padà nígbà tí òtútù bà á. Ó ń wo ibi kan lókè orí mi, lẹ́yìn náà ó tún pa ojú dé.

Mo ní ilé ìwòsàn ńlá ni à ń lọ. Ìyá ọkọ mi dìde nídìí iná.

"Wọn kì í gbé ọmọ tí kò lórúkọ kúrò nílé. A ó sọ ọ́ lórúkọ ná. Ọjọ́ rẹ̀ kò jìnnà mọ́."

"Ó lè má dúró dè é, Ìyá."

Mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Obìnrin alátagígún tó ti wá bu omi gbígbóná ní kí n fẹnu gbálẹ̀, pé ojora ni mo ń ṣe, pé èmi ni mo ń fi ẹnu ara mi pe ohun burúkú. Mo pe ọkọ mi. Olùkọ́ ni ní Ogbooro, òpin ọ̀sẹ̀ ló sì máa ń wálé.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ó bi mí.

"Mo fi òwú wò ó."

"Gbé e lọ. Fún ìyá mi ní fóònù."

Mi ò mọ ohun tó sọ fún un. Ìyá náà kàn fi aṣọ borí, ó sì ní òun ni òun máa gbé ọmọ náà. A wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ní gbogbo ọ̀nà, bí eruku ṣe ń wọlé ni ó ń fi ṣọ́ọ̀lù náà bo imú ọmọ, tó ń wé e mọ́ ọn dáadáa kí eruku pupa má baà wọ ọ́ lọ́fun. Mo jókòó tì í, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi. Òórùn kánfọ̀ náà ń bá wa lọ.

Nọ́ọ̀sì tó gba ọmọ lọ́wọ́ wa kò tíì wò ó tó fi gbé imú sókè.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

"Kánfọ̀ ni," ìyá ọkọ mi ní. "Aṣọ rẹ̀ ni. Kò sí aáyán tó dé ibẹ̀ rí."

Nọ́ọ̀sì náà gbé ọmọ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ náà lára rẹ̀, ó ń kó wọn sínú náírọ́ọ̀nù, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ṣọ́ọ̀lù, ó sì di ẹnu rẹ̀ pinpin. Ó fi àtàǹpàkò tẹ iwájú orí ọmọ náà, ó mú ọwọ́ kúrò kíákíá. Ojú ibẹ̀ kò funfun. Ó tẹ ẹ́ láyà, ó tẹ ẹ́ níkùn, ó tẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Níbi gbogbo tó tẹ̀, pupa rúsúrúsú yẹn ló kọ́kọ́ yọ.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n fi nǹkan bò ó lójú, wọ́n sì tẹ́ ẹ sábẹ́ iná kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi aró. Lábẹ́ iná náà kò pupa mọ́, kò dúdú, kò sì jọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ìyá ọkọ mi dúró tì í, ó bi nọ́ọ̀sì ní ohùn kékeré pé ṣé iná náà kò ní sọ ọ́ di dúdú. Nọ́ọ̀sì ní, "Màámi, ẹ bẹ Ọlọ́run kó dúdú."

Lẹ́yìn náà ló jókòó ṣàlàyé fún wa. Ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan kò lè gba kánfọ̀. Tí wọ́n bá ti ń fa òórùn rẹ̀ símú, tí aṣọ rẹ̀ sì ń kan ara wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa fọ́, ohun tó jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ náà ló ń mú kí ara wọn pọ́n. Ó ní ọmọ tuntun púpọ̀ ló máa ń pọ́n díẹ̀ tí á sì lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀ jù, á wọ inú ọpọlọ.

"Kí ló máa ń ṣe níbẹ̀?" mo béèrè.

"Ó lè pa ọmọ. Bí kò bá pa á, ó lè mú kó má lè jókòó tàbí kó má lè rìn bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè dí i létí."

"Gbogbo ọmọ mi ló wọ̀ ọ́," ìyá ọkọ mi sọ. Ilẹ̀ ló ń wò. "Gbogbo wọn ló yè."

"Òótọ́ lẹ sọ, Màámi. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn gbà á ni. Irú ti ọmọ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀. Ìyá lè gbé e káàkiri kí ohunkóhun má ṣe òun."

Mo rántí àpótí ìyá mi ní Ìsẹ́yìn, èyí tó ń kó aṣọ òfì bàbá mi sí. Òun náà ń fi kánfọ̀ sí i. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó mú àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí àpótí náà.

Ìyá ọkọ mi gbójú sókè wò mí. Ó lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ni. Èmi náà lè sọ pé àpótí rẹ̀ ni. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ẹnì kankan nínú wa kò sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó bọ́ ìborí ara rẹ̀, ó fi bò mí léjìká torí ọyẹ́.

Iná ìjọba lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Iná aró yẹn kú, ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ sì wọlé láti fèrèsé, mo tún rí ọmọ mi bó ṣe rí gan-an, ó pọ́n láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó ké. Kì í ṣe igbe ọmọ tí ebi ń pa. Igbe náà tín-ín-rín, ó sì ga, ọmọ náà sì gbé ẹ̀yìn sókè bí ẹni tí wọ́n ń fà lórí. Nọ́ọ̀sì náà sáré jáde lọ kígbe sí ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀. Iná náà tún tàn. Wọ́n ní bí ara rẹ̀ kò bá rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Ìbàdàn ni wọ́n máa gbé e lọ láti lọ pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ó rọlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni pupa náà kúrò, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ fi sílẹ̀, lẹ́yìn náà ikùn, ojú ló kẹ́yìn. Ilé ìwòsàn ni a wà tí ọjọ́ orúkọ fi pé. Ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ sí i létí níbẹ̀, létí ọ̀tún àti létí òsì, bí a ṣe ń ṣe é. Mo ti ronú nípa ìyẹn nígbà púpọ̀.

Lẹ́yìn tí a délé, mi ò jẹ́ kí etí rẹ̀ sinmi. Mo ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń jẹ́ kí ṣíbí já bọ́. Ó ń yíjú, ọkàn mi sì ń balẹ̀. Ó jókòó lásìkò, ó rìn lásìkò. Wọ́n ní mo lè sinmi wàyí. Ní ọjọ́ kan ìyá ọkọ mi wá láti Ìgànná, ó jókòó sápá òsì ọmọ náà níbi tó ti ń ṣeré pẹ̀lú róòlù òwú mi, ó sì pè é. Ó tún un pè. Ó tẹ̀ sí i, ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta ní etí gan-an. Ọmọ náà ń yí róòlù rẹ̀. Obìnrin náà dìde, ó lọ sápá ọ̀tún rẹ̀, ó pè é jẹ́jẹ́. Ọmọ náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá ọkọ mi kò bá a rẹ́rìn-ín. Mo wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo rí gbogbo rẹ̀. Nígbà tó padà sí Ìgànná, ó kó kánfọ̀ inú àpótí rẹ̀ dà sínú ṣáláńgá, ó sì lọ láti ilé dé ilé lọ́dọ̀ àwọn ìyàwó àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù, ó kó tiwọn náà. Wọ́n sọ fún mi pé kò ṣàlàyé fún wọn. Ó kàn ní kí wọ́n gbé e wá.

Ọmọ náà ti wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ó ń jókòó síbi tí etí ọ̀tún rẹ̀ ti máa kọjú sí olùkọ́. Àwọ̀ rẹ̀ kò pupa. Ó dúdú bí mo ṣe dúdú. Ọ̀nà ilé ìwé rẹ̀, ọ̀nà eléruku pupa kan ni tí ọlọ́kadà kì í rọra gbà, ọmọ náà kì í sì í gbọ́ èyí tó bá ti apá òsì bọ̀. Nítorí náà, èmi ni mò ń mú un lọ tí mo sì ń mú un bọ̀. Apá òsì rẹ̀ ni mò ń rìn. Ó ti ń sọ pé òun ti dàgbà, pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbọ́. Mo ṣì ń rìn níbẹ̀.

Ní ti ìkókó Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, mo pe bàbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Wọ́n pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Pupa ni Ọlọ́run dá a. Àwọn obìnrin náà fi mí rẹ́rìn-ín títí mo fi wọ ọkọ̀, inú mi sì dùn sí ẹ̀rín náà ju ohun gbogbo tí mo jẹ níbẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ má kó kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ, ẹ sì má wọ aṣọ tó bá ti inú kánfọ̀ jáde fún un. Bí wọ́n bá ní ọmọ tuntun yín pupa, ẹ gbé e síta láàárọ̀, ẹ mú òwú funfun dání, ẹ wo ẹyinjú rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá pọ́n níbẹ̀, tàbí tó ń sùn jù tí kò mu ọmú dáadáa, ẹ má retí kó lọ fúnra rẹ̀, ẹ má sì dúró de ọjọ́ orúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.